Irinṣẹ́ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ férémù dígí onígun méjìlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo fẹ́ máa fi àjákù pákó láti sọ́míìlì to férémù dígí onígun méjìlá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra fáílíìn tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, kí n de abẹ́ ayùn mọ́ ọn, pé kò wọ́n tó ayùn oníná. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Fáílíìn kékeré máa ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ayùn oníná tí wọ́n dìídì ṣe fún pákó kì í sábà ju nǹkan bí 5,000 lọ. Iye eré tí abẹ́ ayùn lè gbà wà lára abẹ́ náà, ẹ kà á. Bí eyín rẹ̀ bá há sínú igi lórí irú eré bẹ́ẹ̀, máṣíìnì náà yóò ta padà sí ẹni tó dì í mú. Owó tí ẹ rò pé ẹ dá sí, ọsibítù ló máa gbà á.

Ayùn ọwọ́ eléyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi pákó mẹ́ta kan àpótí atọ́nà (àpótí tó ní ojú tí ayùn ń gbà kọjá, kí ó má bàa yẹ̀) fún un fúnra yín. Èyí tó wà lọ́jà sábà máa ń ní ojú 45 àti 90 nìkan, bẹ́ẹ̀ ojú tó fi dígírì 15 yẹ̀ kúrò lára 90 ni ẹ nílò: 360 pín sí 12 jẹ́ 30, ìdajì rẹ̀ ló sì lọ sí orí kọ̀ọ̀kan. Láti rí i, ẹ wọn mìlímítà 300 ní gbọọrọ, kí ẹ wọn 80 sókè ní òpin rẹ̀, kí ẹ wá fa ìlà so ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí gan-an. Bí ayùn bá yẹ̀ ní ààbọ̀ dígírì péré, ojú gígé 24 yóò sọ ọ́ di dígírì 12, férémù kò sì ní pàdé.

Fún férémù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24, etí òde ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6.4. Ẹ máa yí pákó dojú dé lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Bí pákó bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 gígùn rẹ̀ ni yóò lọ, ṣùgbọ́n mítà kan ni kí ẹ mú, torí ìyókù yẹn ni ọwọ́ yín máa dì mú. Arère rọ̀, ó dára fún ìkọ́ṣẹ́, àpá le. Igi tútù láti sọ́míìlì yóò sún kì bí ọyẹ́ bá dé, ojú gúlù á sì là. Ẹ bo imú tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha ìrókò, eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dà èémí láàmú.

Bó bá di ọjọ́ tí ẹ ra ayùn oníná, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí rẹ̀, kí ọwọ́ jìnnà sí abẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Igi tí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n gígùn ègé, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gé. Ègé tó bá há sáàárín igi yẹn àti abẹ́ máa ń fò bí òkò. Kí abẹ́ dúró pátápátá kí ẹ tó gbé e sókè.

Tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi gúlù to ègé mẹ́fà-mẹ́fà di ààbọ̀ méjì. Ẹ ki igi ìṣáná sí ojú ibi méjèèjì tí ààbọ̀ náà ti pàdé láìfi gúlù síbẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà túùbù táyà dì í yíká. Bó bá gbẹ, ẹ gbé ojú ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan lé sáńpépà tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì, ẹ ha á títí tí méjèèjì fi bára mu. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi gúlù funfun so wọ́n pọ̀, kí rọ́bà sì wà lára rẹ̀ di ọjọ́ kejì.