Ẹ BI WÁ: Ta ló ka ìdílé ọba Íjíbítì, kí ló sì wó wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n kọ́ wa pé ìdílé ọba 30 ló jẹ ní Íjíbítì àtijọ́. Ta ló kà wọ́n? Ṣé ogun ló ń lé ọ̀kan lọ kí òmíràn tó wọlé ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òbáńlá, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Manetho ló kà wọ́n, àlùfáà ọmọ Íjíbítì tó kọ ìwé rẹ̀ lédè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Ìwé náà ti sọnù. Ohun tí àwọn mìíràn yọ nínú rẹ̀ ló kù. Ẹ fi sọ́kàn pé bí Manetho bá ní ìdílé tuntun dé, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ahmose tó bẹ̀rẹ̀ ìdílé kejìdínlógún, ilé kẹtàdínlógún ni wọ́n bí i sí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó lé àwọn àjèjì Hyksos, ó sì so ilẹ̀ náà pọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ má sì ro ọdún àwọn ìdílé náà pọ̀, torí àwọn kan jọ jẹ lásìkò kan náà ni: ìdílé kẹwàá wà ní ìlú Herakleopolis, ìdílé kọkànlá wà ní ìlú Thebes.

Ogun lé àwọn kan lóòótọ́. Àwọn ará Àsíríà kó Thebes ní ọdún 663 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọba Kúṣì, ilẹ̀ tó wà ní gúúsù, tó ń jọba lé Íjíbítì nígbà náà sì pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, àká tó ṣófo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà ìdílé kẹfà, Pepi Kejì jọba lọ́mọdé, Manetho sì ní 94 ọdún ló lò. Ipò gómìnà ẹkùn ti di ogún bàbá fún ọmọ nígbà náà, ọba sì ń fi àṣẹ yọ tẹ́ńpìlì òrìṣà Min ní ìlú Coptos kúrò nínú ìṣákọ́lẹ̀ àti iṣẹ́ ọba. Ohun tó ń wọ àká dín kù, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ kò dín. Omi Náílì ló sì ń bọ́ gbogbo wọn: Pliny ará Róòmù kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìgbọ̀nwọ́ 12 omi, ìyàn ni, 16, ìdùnnú ni. Nígbà tí omi kò kún dáadáa mọ́, ọba kò ní ohun tó máa pín.

Ti ìdílé ogún (20) ló hàn jù. Àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba, tí wọ́n ń gbé ní abúlé Deir el-Medina, ń gba àpò àlìkámà 4 àti àpò bálì kan ààbọ̀ lóṣù, àpò kan tó nǹkan bíi lítà 76. Lọ́dún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, ọkà kò dé. Wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì Thutmose Kẹta, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, ọjọ́ 18 ti kọjá nínú oṣù, kò sí aṣọ, kò sí òróró, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí ọba yìí wàjà ka ènìyàn 86,486 sábẹ́ tẹ́ńpìlì òrìṣà Amun ní Thebes. Ọrọ̀ wà nílẹ̀, kò sí lọ́wọ́ ọba mọ́ ni. Kí ìdílé náà tó parí lọ́dọ̀ Ramesses Kọkànlá, àwọn àlùfáà Amun ló ń pàṣẹ ní Thebes.

ÌBÉÈRÈ: Ní Òǹdó tiwa, obìnrin, Pupupu, ni ìtàn fi ṣe Òsemàwé àkọ́kọ́. Ṣé obìnrin ṣe Fáráò rí? (Ìyá olùkọ́, Òǹdó)

ÌDÁHÙN: Wọ́n ṣe é, Mà. Hatshepsut kọ́kọ́ ṣe adelé fún Thutmose Kẹta tó ṣì kéré. Ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin ọba tó bá ṣe adelé lẹ́yìn tí Déjì bá wàjà máa ń kúrò tí wọ́n bá fi ẹlòmíràn jẹ. Hatshepsut kò kúrò; kí ọdún keje tó pé, ó ti gba orúkọ oyè ọba fúnra rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Sobekneferu ló parí ìdílé kejìlá.

Ẹ má wá wọn lára orúkọ ọba 76 tí Seti Kìíní gbẹ́ sí ògiri tẹ́ńpìlì Abydos o. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì, wọ́n yọ Akhenaten àti Tutankhamun pẹ̀lú; láti Amenemhat Kẹrin, orúkọ fò bọ́ sórí Ahmose. Àkọsílẹ̀ ọba tó wà ní Turin ní Ítálì ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò: ọdún 3, oṣù 10, ọjọ́ 24 ló kọ fún Sobekneferu.