Síméónì àti Léfì gbẹ̀san Dínà: ṣé wọ́n jàre?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka Jẹ́nẹ́sísì orí 34 tán, inú ń bí mi. Ṣékémù ọmọ Hámórì fipá bá Dínà ọmọ Jákọ́bù lò pọ̀, Síméónì àti Léfì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá wá lọ pa gbogbo ọkùnrin ìlú yẹn, kí ló wá dé tí bàbá wọn ń bá wọn jà? Ṣé kí wọ́n káwọ́ lẹ́rán ni? Lójú tèmi o, wọ́n jàre.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé gan-an. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ yín. Ẹ wo ẹsẹ 26, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré kọjá níbẹ̀: ìgbà tí wọ́n pa Hámórì àti Ṣékémù tán ni wọ́n tó mú Dínà jáde nílé Ṣékémù. Áà! Gbogbo ìgbà tí bàbá àtọmọ ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Jákọ́bù kí Ṣékémù lè fẹ́ Dínà, pé iye tẹ́ ẹ bá bù fún wa la máa san, ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà nílé wọn. Ìdána wo nìyẹn? Torí náà bí wọ́n ṣe lọ mú un jáde, mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni mo ń bá wọn jà sí. Ẹsẹ 13 ní ẹ̀tàn ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin ìlú dábẹ́, àwọn yẹn gbà, àmì májẹ̀mú Ábúráhámù ni wọ́n sọ di pàkúté yẹn o, lọ́jọ́ kẹta tí egbò ṣì ń ta wọ́n tí wọn ò lè jà ni àwọn méjèèjì yọ idà wọ̀lú. Ẹnì kan ló ṣẹ̀, odindi ìlú ló kú. Àwọn ọmọ Jákọ́bù wá kó àgùntàn, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n tún kó obìnrin àtọmọdé lẹ́rú. Ẹ jọ̀ọ́, màlúù wo ló fọwọ́ kan Dínà? Torí iyì àbúrò yín lẹ ṣe jáde nílé, ẹ wá ń wọ́ obìnrin ẹlòmíì bọ̀.

Àwọn kan gbèjà wọn ṣá. Maimonides, àgbà ọ̀mọ̀wé Júù ní ọ̀rúndún 12, ní àwọn ará ìlú jẹ̀bi torí wọ́n mọ ohun tí Ṣékémù ṣe, wọn ò dá a lẹ́jọ́. Nachmanides, ọ̀mọ̀wé Júù míì tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ò gbà, èmi náà ò gbà, ọmọ olórí ìlú mà ni Ṣékémù, mẹ̀kúnnù wo ló fẹ́ mú un?

Jákọ́bù náà, kí n má purọ́, ò wú mi lórí. Ó gbọ́, ó dákẹ́. Ìgbà tó máa lanu ní ẹsẹ 30, ó ní wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́, èèyàn òun ò pọ̀, àwọn ará ilẹ̀ náà máa gbógun tì òun. Òun ṣáá ni. Kò dárúkọ Dínà. Ó ti fi 100 ẹyọ owó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Hámórì, ẹ rántí, ó ní ohun tó lè pàdánù níbẹ̀. Àwọn ọmọ bi í pé ṣé kí Ṣékémù ṣe àbúrò àwọn bí aṣẹ́wó ni? Kò sẹ́ni tó fèsì, orí náà parí síbẹ̀, ẹsẹ 31 gbáko, wọn ò dárúkọ Ọlọ́run níbì kankan.

Orí 49 ni èsì ẹ̀ dé, nígbà tí Jákọ́bù ń kú lọ. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rù mọ́, ìbínú wọn ló gégùn-ún fún torí ó rorò, ó ní òun máa tú wọn ká. Ó sì rí bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ Júdà ni Síméónì ti gba ìpín tiẹ̀, Léfì ò gba ilẹ̀ rárá, ìlú 48 ni wọ́n pín wọn sí káàkiri. Ẹ wá gbọ́ o, Jóṣúà 20 àti 21: ìlú Ṣékémù, ìlú tí wọ́n ti pààyàn yẹn gan-an, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọmọ Hámórì, wà lára 48 yẹn, ó tún wà lára ìlú ààbò 6 tí ẹni tó bá ṣèèṣì pààyàn máa ń sá lọ kí olùgbẹ̀san má bàa rí i pa. Àwọn ọmọ Léfì ló sì ń gbébẹ̀.

Dínà ńkọ́? Kò sọ gbólóhùn kan ní gbogbo orí 34, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Orí 46 ẹsẹ 15 la tún ti gbúròó ẹ̀, orúkọ lásán, láàárín àwọn ọmọ Líà tó ń bá bàbá wọn lọ sí Íjíbítì.