CEA bàbá yín ṣì ga lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun? Ẹ fún un lákòókò

Ẹ kú aájò bàbá. Ẹ ní CEA wọn, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ìfun sábà máa ń mú kó pọ̀, jẹ́ 38 kí wọ́n tó gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá wọn, pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 ó jẹ́ 9, bẹ́ẹ̀ ìwé láàbù ní kò yẹ kó kọjá 5. Ẹ ń béèrè bóyá àrùn náà ṣẹ́kù síbẹ̀.

Àrùn yìí náà ni wọ́n torí ẹ̀ gé ìfun mi, mo mọ bí ìwé àyẹ̀wò ṣe ń gba oorun lójú èèyàn. Ọ̀sẹ̀ 2 ti yá jù. Díẹ̀díẹ̀ ni CEA ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó wálẹ̀ tán. Láti 38 sí 9, ó ń wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún un ṣe tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ní láàbù kan náà, torí ẹ̀rọ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Tí bàbá bá ń mu sìgá, ẹ sọ fún dókítà, sìgá nìkan lè gbé e kọjá 5. Tó bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, tàbí tó ń gòkè léraléra, ìgbà yẹn ni wọ́n á fẹ́ ya skáànù.

Àyẹ̀wò tó gba ẹ̀mí mi là kì í tilẹ̀ ṣe CEA, CRP ni, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí ibì kan nínú ara bá wú tàbí tí kòkòrò àrùn bá wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún tí CRP rẹ̀ kì í ga lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, àmọ́ lẹ́yìn náà ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀. Tèmi ò lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti lé ní 200 mg/L, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ju 150 lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn dókítà á máa fura pé ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun pọ̀ ń jò. Ibà ò tíì mú mi o! Mò ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ikùn mi kàn le díẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wo ìwé èsì náà, ó tẹ ikùn mi lápá òsì, ló bá sáré lọ pe dókítà. Skáànù fi hàn pé ó ń jò lóòótọ́, wọ́n sì gbé mi padà sí tíátà kí ìdọ̀tí ìfun tó tàn ká inú mi.

Ẹ bá mi wo albumin wọn náà, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ 35 g/L, egbò kì í tètè jinná. Àìjẹun nìkan kọ́ ló ń fà á, àìsàn fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín ò ní pa wọ́n lára tí dókítà bá ti ní kí wọ́n máa jẹun.

Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo èsì pẹ̀lú déètì, àti ìwé èsì ẹran tí wọ́n gé, torí òun ló ń sọ ibi tí àrùn náà dé. Oṣù 3 sí 6 síra ni wọ́n sábà máa ń ṣe CEA ní ọdún 2 àkọ́kọ́.