Ṣé Beowulf inú fíìmù ọdún 2007 bá ti inú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nípa akọni náà mu?

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbbà tẹ́ ẹ béèrè. Rárá, ọ̀rọ̀ ìyá Grendel (Grendel ni abàmì tí Beowulf kọ́kọ́ ṣẹ́gun) ló sì fi í hàn jù. Nínú ewì, Beowulf wọ abẹ́ omi lọ bá a. Idà tó mú dání ò ran obìnrin abàmì náà, ló bá fa idà òmìrán kan yọ nínú ihò náà, ó fi ṣá a lọ́rùn. Nínú fíìmù, arẹwà tó ń tan ọkùnrin ni ìyá Grendel. Beowulf bá a sùn, ó purọ́ pé òun ti pa á. Ọmọ tí wọ́n bí ló padà di dírágónì. Ẹ má kọ ìyẹn sínú ìdánwò o! Dírágónì inú ewì ń bínú torí ife tí wọ́n jí nínú ìṣúra rẹ̀ ni.