Ìdáhùn fún ìyá tó fẹ́ kó ẹbí lọ sí Ålesund

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú oṣù Kẹjọ, èmi, àwọn ọmọ mi méjì (ọdún 6 àti 10) àti ìyá mi tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti Southampton lọ sí Nọ́wè. Ọkọ̀ máa dúró ní Ålesund fún wákàtí mẹ́jọ. Ṣé kí n sanwó ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà ni, àbí ká dá rìn? Ṣé físà UK tí ìyá mi gbà tó? Kí lẹ jẹ níbẹ̀? Ìyá ọlọ́mọ méjì, Leeds.

Ìdáhùn: Ẹ kú ètò o. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Físà UK kò tó. Nọ́wè kò sí nínú EU lóòótọ́, àmọ́ ó wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ì báà ṣe wákàtí mẹ́jọ péré ló máa lò nílẹ̀ wọn. Kódà àwa tá a ti ń gbé UK tipẹ́, tá ò tíì gba páálí, bákan náà ni. Tí kò bá sí lọ́wọ́ wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá wọn padà ní Southampton, kí ẹ̀yin tó kù máa wo ara yín lójú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí.

Apá tó rọrùn nìyẹn. Ìyókù, ẹ máa fara dà á fún mi, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ Ålesund kí n má sọ ti ọmọ mi.

Ìlú náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ 23 oṣù Kínní ọdún 1904, iná ṣẹ́ yọ nígbà tí ìjì ń jà, nǹkan bí 10,000 ènìyàn ló sì di aláìnílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú. Olú-ọba Jámánì, Wilhelm Kejì, fi ọkọ̀ kó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára òpópónà kan láàárín ìlú dòní. Kó tó di ìparí ọdún 1907, wọ́n ti fi òkúta àti bíríkì kọ́ ọ padà: ilé olórí ṣóńṣó, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó àti ojú ènìyàn sára ògiri rẹ̀, tí òjìji rẹ̀ ń mì nínú omi. Ọmọ mi obìnrin ya fọ́tò títí bátìrì fi kú. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí dé àárín ìlú, torí náà ẹ lè dá rìn dáadáa. Àwa náà dá rìn.

A kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ẹja oníyọ̀ gbígbẹ ni wọ́n mọ Ålesund mọ́. Pánla tiwa, tí kò níyọ̀, apá àríwá Nọ́wè lọ́hùn-ún, ní Lofoten, ni wọ́n ti ń sá a sórí igi nínú afẹ́fẹ́ tútù láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì ń kó orí rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹja inú ẹ̀fọ́ màmá àgbà wọn, ìhín ló ti ń gbéra. Àbúrò di imú. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé ẹja náà ti dé Lagos rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ta mí nígbà tó yá: orí pánla mọ ọ̀nà Èkó ju ọmọ mi ọkùnrin lọ. Kò tíì débẹ̀ rí.

Òkè kan wà tó ń jẹ́ Aksla, òun ni gbogbo àlejò ń gùn. Àtẹ̀gùn 418 ni, láti inú ọgbà ìtura ìlú, níbi tí ère Rollo wà, jagunjagun ayé àtijọ́ tí àwọn ará Rouen ní ilẹ̀ Faransé fi ta wọ́n lọ́rẹ. Mo dá àwọn ọmọ dúró níwájú ère náà, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá sọnù, ibí yìí la máa pàdé. Ọlọ́run ló ní kí n sọ ọ́.

Ọdún 2023 ni. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àbúrò jẹ́ mẹ́jọ. Bàbá wọn ò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo kó wọn. Iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ti ba orúnkún mi jẹ́, mo ń sinmi lójú ọ̀nà, àwọn ti sáré lọ. Ìgbà tí mo dókè, èrò ọkọ̀ méjì ló kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ya òkè oníyìnyín ọ̀ọ́kán ní fọ́tò. Mo ní àbúrò rẹ dà? Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló fi í sí.

Mo yí sẹ́yìn ilé oúnjẹ tó wà lókè níbẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ló wà lápá ibẹ̀. Mo rí jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń sọ̀ lọ lójú títì, òun nìkan, kò jìnnà púpọ̀ sí mi. Mo figbe ta: "Àlàó! Àlàó, dúró! Padà wá! Má lọ mọ́!" Oríkì rẹ̀ ni, tí màmá mi fún un nígbà ìsọmọlórúkọ láti orí fóònù. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu tèmi.

Ó dúró díẹ̀. Mo rí i pé ó gbọ́. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó yà ní kọ́nà, mi ò rí i mọ́.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n má kúrò lójú kan, mo sáré tẹ̀ lé ọ̀nà mọ́tò náà. Ẹ wo ohun tí mo ṣe: mo fi ọmọ kan sílẹ̀ lókè láàárín àjèjì láti lọ wá ìkejì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti wọ ọkọ̀, mẹ́ta ti kọjá. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté wà lára ìwé tí wọ́n ń fún wa lójoojúmọ́, ìwé náà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi nínú ọkọ̀. Ẹ fi fóònù ya tiyín ní fọ́tò kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí ère yẹn ni mo ti bá a, òun àti tọkọtìyàwó arúgbó kan pẹ̀lú ajá funfun wọn. Ajá yẹn ló tẹ̀ lé. Wọn ò mọ̀ àfìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé ìdí ọkùnrin onídà ni mọ́mì òun ní kóun wá. Mo dì mọ́ ọn, mo gbá a létí díẹ̀, mo tún dì mọ́ ọn. Mo ní ṣé o ò gbọ́ mi ni? Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn, ó ní òun gbọ́ ohùn mi dáadáa, òun rò pé mo wà lórí fóònù pẹ̀lú Grandma ni. Ó ní mo máa ń pẹ́ lórí fóònù, ìyẹn lòun fi ní kóun tẹ̀ lé ajá náà dé kọ́nà.

Ẹ gbọ́ o. Tí mo bá ti ń sọ Yorùbá, ó ti yé ọmọ mi pé kì í ṣe òun ni mò ń bá wí.

A wọ ọkọ̀ padà, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Mi ò sọ fún bàbá wọn títí ẹ̀gbọ́n fi jẹ́wọ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Ohun tí bàbá wọn sọ ni pé, "Ṣebí ìwọ lo ní ká má sọ Yorùbá sí i." Òótọ́ ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan ní ká mú èdè kan ṣoṣo. Èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, a ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn sójà tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ta ni ì bá sọ ọ́ sí i, tẹlifíṣọ̀n? Mo ti wá mọ̀ báyìí pé èdè méjì kọ́ ló ń dá ọmọ dúró láti sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ilé ti fi Gẹ̀ẹ́sì ta gbòǹgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́ díẹ̀, torí ọ̀dọ̀ màmá mi ló wà títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo máa ń rò ó lóru: ká ní etí òkè ni ọmọ yẹn wà ńkọ́, kì í ṣe ojú títì?

Ẹ má bínú, ẹ béèrè oúnjẹ. Ọbẹ̀ ẹja wọn dùn, àmọ́ owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani, inú ọkọ̀ la ti jẹun. Ìgò ata gígún kékeré kan wà nínú báàgì mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Ní ti ìrìn, èyí tí ọkọ̀ ń tà wọ́n, àmọ́ bí ẹ bá pẹ́ nínú rẹ̀, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí ẹ bá dá rìn, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá yín ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn, mọ́tò ń dé orí òkè. Kí wọ́n wọ súwẹ́tà, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé pé oṣù Kẹjọ ni.

Èyí ọmọ ọdún 6 yín ńkọ́, ṣé ó gbọ́ "dúró"? Mi ò bi yín láti fi dá yín lẹ́bi. Nígbà tó bá ń sáré nínú ilé lálẹ́ òní, ẹ sọ ọ́ lójijì láti kíṣìn, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá sọ ohun tó ṣe fún mi.