Ẹ mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ kí ẹ tó gbé igbá owó síta

Àbúrò mi, mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìyá yín tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ ní dókítà ya àwòrán àyà wọn, ó rí nǹkan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó ní ó jọ jẹjẹrẹ, pé kí ẹ lọ máa múra owó sílẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣí GoFundMe, ojú òpó tí wọ́n fi ń tọrọ owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá ẹgbẹ́ kan wà tó ń ran irú wọn lọ́wọ́, àti bóyá kí ẹ ta ilẹ̀ bàbá yín kí ẹ fi gbé wọn lọ sí Íńdíà. Ẹ kú ìrọ́jú o. Àìsàn yìí ló mú ìyá tèmi náà, èmi ni mo sì dúró tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má tíì ta ilẹ̀. Ẹ má sì tíì gbé igbá owó síta. "Ó jọ jẹjẹrẹ" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àfi kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ iye tí ẹ máa ná, torí ohun tí a ń pè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń pè ní small cell máa ń sáré púpọ̀. Kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n sábà máa ń fi kojú rẹ̀, ó sì máa ń tètè gbọ́ oògùn lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè padà wá. Èyí tó pọ̀ jù lọ ni non-small cell. Nínú ìyẹn náà, oríṣi kan wà tó ń jẹ́ adenocarcinoma, òun ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí tí àrùn yìí mú. Tí ìyá yín bá ní irú èyí, àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ EGFR, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìyípadà kan wà nínú jíìnì jẹjẹrẹ náà. Bí èsì rẹ̀ bá bọ́ sí i, ó lè jẹ́ oògùn oníhóró ni wọ́n á máa lò nílé lójoojúmọ́, bíi gefitinib, erlotinib tàbí osimertinib, dípò kímò tí wọ́n ń fà sí iṣan. Gefitinib àti erlotinib ní èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà ń ṣe, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ jìnnà sí ti ojúlówó orúkọ. Ẹ ò rí i pé ìdílé méjì lè ní àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kí owó tí wọ́n máa wá má bára mu rárá?

Nítorí náà, biopsy, ìyẹn ẹran gígé tí mo sọ yẹn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Nílùú wa, ikọ́ tó bá ti pẹ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni gbogbo èèyàn ń rò. Oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n fi fún ìyá mi ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ò fi nǹkan kan hàn. Ikọ́ ò dín, ara ń rù, ẹ̀wù ń ṣe rẹ́kẹrẹ̀kẹ lọ́rùn wọn. Èmi ò sọ pé kí ẹ fojú di ikọ́ ẹ̀gbẹ o. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni ìjọba ń ṣe àyẹ̀wò GeneXpert àti ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi nǹkan kan hàn, tí oògùn ò sì yí nǹkan kan padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún kó ìdìpọ̀ oògùn mìíràn fún yín. Ẹ sọ pé CT scan, àwòrán inú ara tó ṣe kedere ju X-ray lọ, àti biopsy ni ẹ fẹ́.

Nígbà tó yá, omi kún àyà ìyá mi. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Lóru, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbé ìrọ̀rí lé orí tábìlì, wọ́n á gbórí lé e, báyìí ni wọ́n ń sùn. Ọjọ́ tí wọ́n ki rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ wọn, omi tó ń ṣàn sínú ìgò nílẹ̀ pupa bíi sobo. Kó tó di alẹ́ wọ́n ti béèrè ẹ̀kọ. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ìyá yín, ẹ tètè sọ pé kí wọ́n gbé omi náà lọ sí láàbù kí wọ́n tó dà á nù. Àmì jẹjẹrẹ lè fara hàn nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn ó tiẹ̀ máa ń tó láti mọ irú èyí tó jẹ́.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa àfi ìgbà tí a béèrè: ẹran tí wọ́n bá gé, inú ìda ni wọ́n máa ń dì í sí, nínú ike pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i létí. Block ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè bèèrè fún un, wọ́n á ní kí ẹ bọwọ́ lùwé, ẹ á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe EGFR. Ẹ sọ fún dókítà ṣáájú pé ẹ máa lò ó fún ìyẹn. Bí ẹran náà ò bá tó, wọ́n lè wá EGFR nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó dáa, owó. Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí GoFundMe ń gbà kí èèyàn ti ṣí i. Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ ní ó wà ní Manchester ni kó ṣí i lórúkọ ara rẹ̀, kó kọ ọ́ gbangba pé ìyá òun ni, pé Ìbàdàn ni wọ́n wà, àti bí owó náà ṣe máa dé ilé ìwòsàn. Tí àlàyé yìí ò bá yé àwọn GoFundMe, wọ́n lè dá owó dúró títí wọ́n á fi rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín, ilé ni owó tiwa ti wá jù. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde ti ilé ìwé ìyá mi, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ti ń dá owó sí láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń tajà, ìjọ, àwọn aládùúgbò àtijọ́. Ẹ ní mùsùlùmí ni ìyá yín, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wọn. Aláìsàn tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan wà lára àwọn tí zàkáà tọ́ sí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀yin ọmọ jókòó, kí ẹ yan ẹni kan tí owó á máa wọ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú risíìtì. Kí wọ́n má jẹ́ ẹnì kan náà. Ìjà owó ti tú ilé ká níṣojú mi nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ di òní.

Ẹ má kéde gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè owó CT scan àti biopsy nìkan. Bí èsì bá dé, ẹ fi risíìtì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá, kí ẹ wá sọ ohun tó kàn. Ẹni tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó sì rí ohun tí ẹ fi ṣe, á tún fún yín. Ẹni tó bá rí mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ́jọ́ kìíní, á ní kí ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún òun fẹ́ ṣe níbẹ̀, á sì kọjá lọ.

Ohun tó la ọwọ́ àwọn èèyàn fún wa jù ni Remita, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sanwó fún iléeṣẹ́ ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí ní báńkì. Nígbà tiwa, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ń gba owó nípasẹ̀ rẹ̀; ẹ béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi Remita sanwó, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà RRR. Ẹnikẹ́ni ló lè fi nọ́ńbà yẹn sanwó láti ibi yòówù kó wà ní Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n ń ṣiyèméjì, RRR ni a fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n san án fúnra wọn, owó náà ò kan ọwọ́ wa rárá. Àǹtí kan tí kò dá wa lóhùn láti ọjọ́ pípẹ́ ló san owó kímò méjì lọ́nà báyìí.

Ẹ má gbé àwòrán ìyá yín tí rọ́bà wà nímú síta láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ní kí ẹ gbé e. Ìyá mi kọ̀, a sì gbà fún wọn. Lẹ́tà dókítà ni a lò, a bo nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn wọn. Àwọn gbájúẹ̀ ń jí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti fi gba owó sápò ara wọn.

Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé màmá ń mu sìgá ni. Gbogbo èèyàn ló béèrè lọ́wọ́ wa. Ìyá mi ò mu ún rí, àkàrà ni wọ́n fi igi dín títí wọ́n fi darúgbó, èéfín igi inú ilé sì wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí. Ká tiẹ̀ ní wọ́n mu sìgá, ṣé ká torí ẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni? Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni fún àforíjì nínú lẹ́tà yín.

Ní ti ìjọba, Cancer Health Fund tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró ò sí lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má fi í ṣe ojú ìrètí yín. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì sóṣà wẹ́fíà inú ilé ìwòsàn, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé ara yín. Wọ́n lè kọ̀wé kí wọ́n dín owó kù, wọ́n sì mọ àwọn tó máa ń wá ṣàánú láìkéde. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà lórí NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tó sì fi orúkọ màmá sílẹ̀, ẹ gba code, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ tó fi hàn pé wọ́n gbà láti sanwó, kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò kankan, torí wọn kì í sábà dá owó tí ẹ ti san padà. Ẹ sì béèrè ní ilé oògùn ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ní oògùn kímò tó wá lábẹ́ Chemotherapy Access Partnership. Ìjọba àpapọ̀ ló tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú Clinton Health Access Initiative àti American Cancer Society, kí owó oògùn lè wálẹ̀. Ẹ má ra oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sínú báàgì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC.

Àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílùú, ti jẹjẹrẹ ọmú ló pọ̀ jù. Ẹ ṣì kọ̀wé sí Sebeccly ní Èkó àti Project PINK BLUE ní Àbújá. Bí wọn ò tilẹ̀ lówó lọ́wọ́, wọ́n mọ ọ̀nà. Fún ìmọ̀, Roy Castle Lung Cancer Foundation àti Macmillan ní ìlú Ọba ní ìwé ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣàlàyé oògùn kọ̀ọ̀kan dáadáa. Kí ẹ̀gbọ́n yín kà á, kó túmọ̀ rẹ̀ fún màmá.

Ní ti Íńdíà, ẹ kọ́kọ́ fi èsì biopsy àti CD tí àwòrán CT scan wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Bó bá ti tàn káàkiri ara, oògùn tí wọ́n máa fún wọn lọ́hùn-ún lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ lè rí níbí, ilẹ̀ á sì ti lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì kéré, tí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ gé e kúrò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà wà ní UCH, ẹ kọ́kọ́ rí wọn. Fún ìtọ́jú onítànṣán, UCH ń ṣe é, NSIA-LUTH Cancer Centre tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019 náà sì ń ṣe é. Ẹ fóònù kí ẹ tó gbé màmá sọ́kọ̀, torí ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹ̀ka kan wà ní UCH tó ń bójú tó ìrora, hospice ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó fẹ́ kú ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún ìyá mi ní mọ́fíìnì olómi, díẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu, ìrora sì rọlẹ̀, èémí pàápàá rọ̀ wọ́n. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá àwọn ọmọ-ọmọ wí. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ gba oògùn ìyàgbẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ fún biopsy, ẹ béèrè ibi tí wọ́n wà, kí ẹ fi orúkọ màmá sílẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le díẹ̀.

Bí èsì bá jáde, ẹ bo orúkọ wọn, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á pẹ̀lú yín, a ó sì jọ to àwọn ìbéèrè tí ẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.