Òjò ni wọ́n ń dúró dè: èsì fún arábìnrin tó ń gbé létí odò Asà

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé apá Amilegbe ní Ìlọrin, pé àwọn ọmọ yín ti ń bá àwọn ọmọ àdúgbò lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú Asà. Ẹ ní onílé sọ pé omi tó ń ṣàn kì í ní ìdọ̀tí, àbúrò yín tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní àwọn òyìnbó gan-an ń tú ìgbẹ́ sódò, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Létí ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Asà ni èmi kọ́lé sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó, ó sì ti dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sibítù, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ fi ti onílé yẹn sílẹ̀. Omi Asà tí ìjọba ń fà sẹ́nu ẹ̀rọ, láti dáàmù tó wà lápá gúúsù ni wọ́n ti ń fà á, kí odò tó wọ ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá la àárín Ìlọrin kọjá lọ sápá àríwá, tí àwọn odò kéékèèké bíi Alálùbọ́sà àti Àlùkò ń gbé ohun tí ilé àti ọjà bá dà sí wọn lọ́wọ́ wá bá a. Ìlú wa kò ní páìpù àjọlò tó ń kó ìgbẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Kálukú ló ni sókàwéè (ihò tí ilẹ̀ ti ń mu omi ilé ìgbẹ́) tàbí ṣáláńgá tirẹ̀. Ó ń ṣàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣàn gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn tó ń yàgbẹ́ sétí odò ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n wà ńbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe àwọn ni ọ̀gá ibẹ̀.

Kànga wa máa ń mọ́ gaara lẹ́ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, omi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ìfófòó bíi ti ọṣẹ á máa yí lójú rẹ̀. Inú ń run àwọn ọmọ, a ní ibà ni. Òun náà ni mo ń bù sí bútà, tí mo fi ń yọ ẹnu tí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Ìgbà tí wọ́n fa omi sí mi lára tán ni nọ́ọ̀sì kan ní kí n gbé omi ilé mi lọ fún àyẹ̀wò. Àbájáde rẹ̀: kòkòrò E. coli wà nínú rẹ̀. Inú ìfun èèyàn àti ẹran ni kòkòrò yìí ń gbé, kò sì yẹ kí ẹyọ kan wà nínú mìlílítà 100 omi mímu. Tí ẹ bá ti rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti débẹ̀ nìyẹn.

Ibo ló gbà wọlé? Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹní máa fọ́ òrùlé, mo gbé tọ́ọ̀ṣì jáde láti wo àgbàrá. Lábẹ́ fẹ́ńsì ilé kejì, páìpù oníńṣì mẹ́rin kan láti inú sókàwéè wọn yọ orí sí gọ́tà, omi dúdú ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, bébà ń bá a bọ̀. Ilẹ̀ mọ́, òjò dá, mo padà lọ wò ó: wọ́n ti fi àkísà àti ọ̀rá dí ẹnu páìpù, wọ́n gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tì í. Gọ́tà yẹn, tó ti sán lójú méjì mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kànga mi ló gbà lọ sódò.

Nígbà tí mo bá bàbá onílé ibẹ̀ sọ ọ́, kò jiyàn. Ó ní, “Alhaji, níbo ni kí n gbé e gbà? Bí mo bá fà á lónìí, lọ́la á ti kún.” Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Orí àpáta ni Ìlọrin wà, erùpẹ̀ tó bò ó kò sì jìn níbi púpọ̀. Tí òjò bá ti pọ̀, omi inú ilẹ̀ á gòkè, ihò tó yẹ kí ilẹ̀ máa mu omi inú rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò máa pọn omi sínú rẹ̀. Wolé-wolé wá, ó kọ ìwé fún un, bàbá dí páìpù, òjò ńlá tún dé, ó tún ṣí i. Ohun tó tán ọ̀rọ̀ náà ni pé ó yọ omi òrùlé àti omi balùwẹ̀ kúrò nínú sókàwéè, ó sì ń fa ìgbẹ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. (Mo bi awakọ̀ tó wá fà á pé ibo ló ń lọ dà á sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí wọ́n sanwó.)

Àbúrò yín kò purọ́ o. Ọ̀pọ̀ páìpù àtijọ́ tó wà lọ́hùn-ún ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́ pọ̀. Tí òjò bá ju agbára wọn lọ, ẹnu kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ tí yóò tú u sódò tàbí sókun, kó má baà padà wọ ilé onílé. Lọ́dún 2024, àpapọ̀ wákàtí tí àwọn ẹnu wọ̀nyẹn fi tú u jáde ní England lé ní mílíọ̀nù 3.6. London ní láti gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ oníkìlómítà 25 kí ti odò Thames tó lè dínkù. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka tiwọn, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ pé kó yàgò fún omi fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Ta ló ń ka ti Asà?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ odò yẹn, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ẹ ní kí onílé fi ibi tí sókàwéè wà hàn yín, kí ẹ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tó jìn sí kànga. Mítà 30 ló yẹ kó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ekukáká lẹ fi máa rí i ní àdúgbò wa. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gọ́tà. Wọ́n á ní kí ẹ da kilorín, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí kànga. Mo dà á, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìgbẹ́ ṣì ń wọlé, owó lásán ni. Ẹ máa se omi mímu àti èyí tí ẹ fi ń yọ ẹnu, kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń fi omi Asà bomi rin, ẹ sè é jinná, ẹ má jẹ ewé tútù rẹ̀.

Lọ́dún 2017, ẹni tí wọ́n fura sí pé kọ́lẹ́rà (àrùn onígbá méjì tó ń ti inú omi ìdọ̀tí wá) mú ní Ìlọrin àti àyíká rẹ̀ lé ní 1,500, èèyàn 11 sì kú. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ẹ po ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ lítà kan omi tó mọ́, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́sibítù.